Ìdí Tí Ẹ̀ka Ìyeyè Tí A Gé Fi Ń Hù

Nígbà láéláé, igi tí a bá ti gé, ó parí fún un nìyẹn. Bí àáké bá ti bà á, yóò sunkún, omi ara rẹ̀ yóò ṣàn tán sílẹ̀, yóò sì gbẹ. Kò sí igi tí ó ṣe é yàtọ̀.

Ní àkókò náà, Ìyeyè ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé Láwọyin. Láwọyin ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé. Àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ wá wo ilé náà lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó sì fẹ́ kí ẹ̀yìnkùlé náà dára lójú wọn. Ó gbé àáké, ó ń bi igi kọ̀ọ̀kan pé kí ni òun ṣe máa dá a sí.

Ọsàn tẹríba. "Bàbá wa, ilé yín ga ju ti ọba lọ. Òdòdó mi ni yóò máa ta sánsán sí àwọn àlejò yín."

Láwọyin rẹ́rìn-ín, ó dá a sí.

Àfọ́n kò mọ èèyàn pọ́n. Láwọyin ní èso rẹ̀ lè já lu àna òun lórí. Àáké dún. Àfọ́n sunkún títí omi funfun fi bo ilẹ̀, ó sì kú.

Ó wá kan Ìyeyè.

"Ìwọ ńkọ́? Eṣinṣin nìkan ni ò ń kó wá fún mi."

"Òótọ́ ni," Ìyeyè dáhùn. "Èso mi kan lẹ́nu, ó sì ń dọ̀tí ilẹ̀. Àmọ́ òun ni àwọn ọmọ yín ń ṣà jẹ nígbà tí iṣu tuntun kò tíì jáde."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ọmọ. Ṣé ilé mi dára?"

"Ògiri ọwọ́ ọ̀tún wọ́."

Ìyá Láwọyin tí ó ń bó ẹ̀gẹ́ nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Inú bí Láwọyin.

"Bẹ̀ mí, kí n gbọ́."

"N kò ní bẹ̀ yín. Ẹni tí irọ́ bá fún láyè, irọ́ mìíràn ni yóò lé e kúrò. Ẹ gé mi. Ẹ kò ní rí omijé mi."

Láwọyin gbé àáké sókè. Ìrora náà pọ̀, ṣùgbọ́n Ìyeyè pa ẹnu dé. Gbogbo omi tí ì bá sun ní ẹkún, ó gbé e mì padà sínú ẹ̀ka rẹ̀.

Láwọyin gbẹ́ àwọn ẹ̀ka náà ṣóńṣó kí ó lè fi wọ́n sọgbà dí ewúrẹ́ lọ́nà.

"Láwọyin, a kì í fi igi tútù sọgbà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Sá a sóòrùn ná."

"Ìyá mi, àna kò ní dúró de oòrùn." Ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ yí ilé ká.

Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Omi tí Ìyeyè gbé mì wá ọ̀nà jáde. Nígbà tí àwọn àna dé, gbogbo òpó ọgbà ti rúwé.

"Àna wa," ni bàbá ìyàwó rẹ̀ wí, "o mà fẹ́ràn ìyeyè o."

Bí wọ́n ti lọ tán, Láwọyin gé gbogbo rẹ̀, ó dà á sí ààtàn. Ó hù lórí ààtàn. Ó tún gé e, ó jù ú sẹ́bàá odò. Ó hù níbẹ̀ pẹ̀lú.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá," ni Ìyeyè ń wí láti ibi gbogbo.

Apá Láwọyin ro ó. Ó gbé àáké sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀ka ìyeyè tí a bá gé tí a sì rì mọ́lẹ̀ ti ń hù, tí àwọn èèyàn sì ń fi í sọgbà. Èso rẹ̀ ṣì kan títí di òní, kò sì bẹ ẹnì kankan pé kó jẹ ẹ́.