Aláago Kẹta Lórí Àtẹ̀gùn

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó tẹ bọ́tìnì lọ. Ní ọdún kẹjọ lẹ́yìn ogun Hítílà ni, nígbà tí orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án kó àwọn asáré wọn jọ sí ìlú kan létí òkun, ìrìn ọjọ́ mẹ́tàlá nínú ọkọ̀ ojú omi sí ilẹ̀ wa. Tíṣà ni ọkùnrin náà nílé. Ó ti ń di aago mú níbi eré ìje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún mọ́kànlá, kò sì sí ẹni tó bá a jiyàn rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán an lọ pé kí ó wà lára àwọn aláago níbi ìdíje ńlá yẹn.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe rí. Wọ́n gbé àtẹ̀gùn onígi kan sí ẹ̀gbẹ́ òpin ọ̀nà eré. Aláago mẹ́ta ló ń jókòó sórí rẹ̀, ọ̀kan lókè ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà dí ẹnìkejì lójú. Ẹni tó bá ṣíwájú ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ka àkókò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí èéfín ìbọn lọ́hùn-ún, wọ́n á tẹ aago kí ó bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í dúró de ìró ìbọn, nítorí èéfín máa ń ṣáájú ìró. Bí àyà ẹni àkọ́kọ́ bá ti kan okùn òwú tí wọ́n ta sí òpin ọ̀nà, wọ́n á tún un tẹ̀ kí ó dúró. Olórí aláago á wá kà á lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin sì ni pé ọ̀nà ni kí kálukú máa wò, kí ó má wo ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Tíṣà ló wà lókè pátápátá. Ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan, ọmọ onílùú, ló jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀ ti ìyẹn.

Ní ọjọ́ kìíní, Láníyọnu, ọmọ ilẹ̀ wa tó ń sá eré yípo pápá lẹ́ẹ̀kan, fi àwọn tó bá a sáré sílẹ̀ sẹ́yìn. Aago Tíṣà àti ti àgbàlagbà bára mu. Ti onírùngbọ̀n pẹ́ jù wọ́n lọ ní ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò tó ìṣẹ́jú ojú. Nígbà tí aago méjì sì ti bára mu, tiwọn ni wọ́n gbà, kò pa Láníyọnu lára. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Tíṣà rí onírùngbọ̀n níbi ẹ̀rọ omi, tí òun àti olùkọ́ àwọn asáré ìlú náà ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́.

Ohun tó wà níbẹ̀ fún Láníyọnu tóbi. Ó ti pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì ti ń wú. Ó ti sọ fún gbogbo wọn pé bí òun bá ti kúrò níbẹ̀, ó parí, òun kò ní sáré mọ́. Òkúta ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà pápá náà tí wọ́n ń gbẹ́ orúkọ sí, orúkọ ẹni tó sáré yá jù lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ìdíje náà sílẹ̀, eré kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Kò sí orúkọ ọmọ ilẹ̀ wa kankan lára rẹ̀. Láràárọ̀ ni Láníyọnu ń dúró níwájú òkúta yẹn, á fi ìka wọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni aago mẹ́ta gbọ́dọ̀ jẹ́rìí kí wọ́n tó lè gbẹ́ orúkọ ènìyàn sí i. Méjì tó láti fi gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà. Méjì kò tó fún òkúta.

Bàbá kan bá wọn lọ tó ń fi òróró ra ẹsẹ̀ àwọn asáré. Tíṣà bá a níbi tó ti ń wọ́ orúnkún Láníyọnu lórí bẹ́ǹṣì.

“Bàbá, ẹ ò rí ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn? Ó fẹ́ jí eré ọmọ wa.”

“Jíjí kẹ̀? Ṣé eré ṣe é kì sápò ni?”

“Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi ń jí i. Ó ń jẹ́ kí ọmọ wa kọjá okùn tán kí ó tó tẹ aago.”

“Ẹ fojú rí i?”

“Mo rí ohun tí aago rẹ̀ kà.”

“Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́ mi o. Bí mo bá ń bá yín wo irùngbọ̀n ẹni ẹlẹ́ni, ìdodo ọmọ yìí ni n ó da òróró sí.”

Láníyọnu bú sẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì. “Tíṣà, ẹ ṣàánú mi, ẹ máa lọ.”

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, ó ra ìwé kékeré kan. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, mo ti kà á. Ìlà mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀. Ó kọ ohun tí aago onírùngbọ̀n kà nínú eré kọ̀ọ̀kan, ó kọ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀, ó kọ ìgbà tó fọn imú. Níbi tí aago ọkùnrin náà bá ti bá ti àwọn yòókù mu, ohun tó kọ ni pé, “Ó ń fara pamọ́.” Aago ti Tíṣà fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìlà kankan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ọjọ́ àṣekágbá, ó lọ bá olórí aláago.

“Ṣé ohun tí ẹ rí lẹ wá sọ, àbí ohun tí ẹ rò?” ni olórí bi í.

“Ohun tí mo rò ni, sà.”

“Ẹ lọ jókòó sí àyè yín.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra. Bí ó ti ń gun àtẹ̀gùn, ó ti pinnu pé òun yóò fi ojú ara òun mú ọkùnrin náà, kí ó lè jẹ́ pé ohun tí òun rí ni òun yóò padà wá sọ.

Nígbà tí eré Láníyọnu kàn, wọ́n yìnbọn. Tíṣà rí èéfín, ó tẹ aago rẹ̀ bó ti yẹ. Àwọn asáré yí kọ́nà àkọ́kọ́. Wọ́n yí ìkejì. Nígbà tí wọ́n já sí ọ̀nà tó tọ́ wá sọ́dọ̀ àwọn aláago, Láníyọnu ló wà níwájú, ó ń fi orúnkún tó wú yẹn sáré bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Gbogbo èrò dìde. Nígbà náà ni Tíṣà tẹ orí ba, ó sì tẹjú mọ́ àtàǹpàkò onírùngbọ̀n.

Kò tíì tẹ̀ ẹ́. Kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ariwo sọ. Àtàǹpàkò náà tẹ̀ ẹ́.

Tíṣà gbójú sókè. Okùn òwú ti wé mọ́ àyà Láníyọnu, ọmọkùnrin náà sì ti wà lórí eékún rẹ̀ nínú koríko. Ṣé bí okùn ti já gan-an ni àtàǹpàkò náà tẹ aago, àbí ó pẹ́ díẹ̀? Tíṣà kò lè sọ. Kò rí okùn.

Olórí aláago dé. Ó ka ti àgbàlagbà: ó fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá yá ju ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta lọ. Ó ka ti onírùngbọ̀n: ọgbọọgba pẹ̀lú ti àgbàlagbà. Ó na ọwọ́ sí Tíṣà. Abẹ́rẹ́ aago Tíṣà ṣì ń yí.

“Ṣé aago yìí bàjẹ́ ni?”

“Rárá, sà. Kò bàjẹ́.”

“Kí ló wá dé tí ẹ kò fi tẹ̀ ẹ́?”

Onírùngbọ̀n yíjú pa dà, ó wo Tíṣà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Olórí aláago kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé Láníyọnu ló gba ipò kìíní, àti pé aago méjì péré ló jẹ́rìí.

Láníyọnu fẹsẹ̀ kan tiro wá sí ìdí àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Tíṣà, ó wọlé?”

“Wúrà ti wọlé. Òkúta kò gbà. Aago kan kò jẹ́rìí.”

“Ti onírùngbọ̀n ni, àbí? Ẹ kúkú ti sọ ọ́!”

Ì bá rọrùn fún Tíṣà láti gbà bẹ́ẹ̀. “Tèmi ni,” ni ó wí.

Láníyọnu wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó jókòó sí ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀.

Ṣé onírùngbọ̀n ń ṣe màgòmágó lóòótọ́? Èmi kò mọ̀. Tíṣà kò mọ̀ títí ó fi kú, kò sì mọ ohun tí ẹ̀rín yẹn túmọ̀ sí.

Oyèdìjí, ìwọ ni mo sọ ọ́ fún. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti wá bá mi nínú oṣù yìí nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin. O ní kì í fún ìyá yín ní oògùn lásìkò. O ní àwọn ọmọ tirẹ̀ ló ń jẹ ẹran inú ọbẹ̀ ìyá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. N kò ní kí o di ojú rẹ. Ọjọ́ tí o bá rí i gbangba, wá sọ, a ó pè é. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń kúrò tí ìyá ń bọ́ sọ́wọ́ rẹ, Ọjọ́rú náà sì ni wọ́n ń wo ojú ní ọsibítù. Nígbà tí mo bi ọ́ léèrè ohun tí dókítà sọ nípa ojú ìyá rẹ, o ní o kò tíì gbé e lọ, pé o dúró lẹ́nu ọ̀nà láti mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń gbé jáde nínú báàgì. Ọjọ́rú mẹ́ta ti lọ báyẹn. Ojú òsì ìyá ti ń ṣú, kì í sì í ṣe ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ló ti ń ṣú.

Ọ̀la ni Ọjọ́rú. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba èèyàn. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá gbé báàgì jáde, jẹ́ kí ó gbé e kọjá lára rẹ. Ọwọ́ ìyá rẹ ni kí o dì mú.