Bí Ọ̀gá Olómi Ṣe Bú Omi Láìyọ Asẹ́ Wò

Ní àdúgbò Òkè-Ìṣàn, bí ẹnì kan bá ń pariwo ẹ̀bi lé ẹlòmíràn lórí láìtíì wádìí, àgbàlagbà kan á rọra dá sí i pé: "Ẹni tí yóò bú omi, kó kọ́kọ́ yọ asẹ́ wò." Àlejò tó bá gbọ́ ọ á máa wojú àwọn èèyàn. Kí ni omi ṣe tí wọ́n fi ń bú u? Asẹ́ wo sì ni?

Ọ̀rọ̀ náà ní ẹni tó fà á. Láyíwọlá ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Olómi ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ omi kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ibi tó jókòó sí tí kò ní sọ ọ́. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, á fi ti páìpù kún un. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ òkú, á béèrè bóyá omi ò ní wọ sàréè.

Nígbà tó yá, làkúrègbé mú ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbíyẹmí, lọ́wọ́. Àwọn ìka tó fi sẹ́ ògì tà fún ogún ọdún kò ṣeé nà mọ́. Dókítà ní kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ omi tútù. Bí Ìbíyẹmí ṣe gbọ́ nílùú òyìnbó, ó fi ẹ̀rọ tí ń fọ abọ́ ránṣẹ́, ìyá rẹ̀ sì sunkún ayọ̀. Ọ̀gá Olómi so ẹ̀rọ náà mọ́ páìpù fúnra rẹ̀, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wò ó, ó sì búra lójú wọn pé: "Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yìí bá borí mi, èmi Láyíwọlá ni n ó máa fọ abọ́ ilé yìí títí n ó fi kú!"

Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Láti kékeré, kò tíì rí ohun tó mọ́ láìsí kàn-ìn-kàn-ìn. Báwo ni omi nìkan ṣe máa yọ ọbẹ̀ ilá kúrò lára abọ́? Ó yọ́ wọ ilé ìdáná, ó fa kàn-ìn-kàn-ìn ẹ̀kúnwọ́ kan ya, ó jù ú sáàárín àwọn abọ́, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Abọ́ mọ́ tónítóní. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kẹfà, ẹ̀rọ fọ abọ́ tán, omi ò lọ. Ó dúró sísàlẹ̀, ó dúdú, epo léfòó lórí rẹ̀, ó sì ń rùn.

"Omi burúkú!" ni Ọ̀gá Olómi kígbe. "Mo mọ omi àdúgbò yìí tẹ́lẹ̀. Ọ̀lẹ ni!"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ìbíyẹmí, ṣé omi ló wá jẹ̀bi ni?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lómi?"

Ó gbé sípánà. Ó tú páìpù ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó fẹnu fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ kọjá, ó dè é padà. Omi ò lọ. Ó fọ́ ògiri tí páìpù gbà kọjá, kò rí nǹkan kan. Ó wá gbé ọkọ́, ó gbẹ́ àgbàlá títí ó fi gbẹ́ wọ inú ẹ̀fọ́ Ìyá Múfútáù, aládùúgbò rẹ̀. Bó ṣe ń gbẹ́ ló ń bú omi: alágídí, aláìmoore, omi tí òun fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sìn!

Ìyá Múfútáù jáde síta. "Ọ̀gá Olómi, ṣé ẹ̀fọ́ mi ló di omi yín lọ́nà ni?"

"Mo ń wá ibi tó dí ni."

"Ẹ wá a dé Òṣogbo, àmọ́ ẹ má wá a nínú ẹ̀fọ́ mi mọ́!"

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀. Abọ́ ìdọ̀tí kún ilé ìdáná, ọkùnrin náà ò sì fọ̀ ọ́, nítorí bó bá fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ti borí rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó gbé ọkọ́ wọlé wá mu omi, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, ó ti ki ọwọ́ bọ omi dúdú náà dé ìgbọ̀nwọ́.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Bàbá Ìbíyẹmí, tí mo bá ń sẹ́ ògì, tómi ò kọjá mọ́, n kì í bú omi. Èèrí ni mo máa ń gbọ̀n kúrò lójú asẹ́. Ẹ̀rọ yìí náà lásẹ́ nísàlẹ̀, ọwọ́ mi bà á. Ìka mi ni ò lè yí i."

Ọ̀gá Olómi rántí ohun tí dókítà sọ nípa omi tútù. Àánú rẹ̀ ṣe é, ojú sì tì í. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀.

"Yọ ọwọ́ rẹ. Jọ̀ọ́, yọ ọwọ́ rẹ kúrò nínú omi."

Ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó yí asẹ́, ó fà á yọ. Kàn-ìn-kàn-ìn ló tẹ̀ lé e jáde, ó lọ́ mọ́ra, epo àti hóró ata kún inú rẹ̀. Kó tó rójú fi í pamọ́, omi ti dún gbururu, ó ti lọ.

"Kàn-ìn-kàn-ìn rèé," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ta ló kó o síbẹ̀?"

Ó wo àjà. Ó wo ilẹ̀. "Èmi ni."

Láti ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, obìnrin náà ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Ìyá Múfútáù, tó wá béèrè ẹ̀fọ́ rẹ̀, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lójú fèrèsé. "Háà! Ẹni tí yóò bú omi, kó kọ́kọ́ yọ asẹ́ wò!" Kó tó di ọ̀sán, àwọn tó ń lọ ní títì ti ń sọ ọ́.

Ọ̀gá Olómi gbé omi kaná, ó bu èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, ó kó ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló ká apá aṣọ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí fọ abọ́ ọjọ́ mẹ́ta.

"Ẹ̀rọ ti dára o," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Mo mọ̀. Jókòó."

Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọdọ̀ bínú bí àgbà Òkè-Ìṣàn bá fi ọ̀rọ̀ yìí dá yín dúró. Ohun tó dí ọ̀nà lè jẹ́ ohun tí ọwọ́ ẹni jù síbẹ̀, kó sì jẹ́ pé ẹni tọ́wọ́ ń dùn ni yóò ki ọwọ́ bọ omi tútù nítorí rẹ̀. Ẹni tí yóò bú omi, kó kọ́kọ́ yọ asẹ́ wò.