Ohun Tó Pa Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ Ọlọ́fínlúà

Bí àwọn àgbà àdúgbò wa bá ń parí ìjà tọkọtaya, ọ̀kan nínú wọn yóò sọ pé, "Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tuntun kò mọ ohun tó pa ti àná." Àlejò á máa wò sùn-ùn. Kí ló kan kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ọkàn éèsì tó ń mú inú ọkọ̀ tutù, nínú ọ̀rọ̀ ìyàwó? Ọlọ́fínlúà oníplánkì ló so wọ́n pọ̀.

Ọlọ́fínlúà kì í tún nǹkan ṣe. Bí ẹsẹ̀ àga bá yẹ̀, ààtàn ni àga ń lọ. Ìyàwó méjì ti kó ẹrù kúrò nílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí Ìbídùn, ó mọ̀ pé èyí ni òun fẹ́ bá darúgbó. Lẹ́yìn ìdána, ó lọ mú un wá láti Ọ̀wọ̀. Kí ooru má baà bà á ní àtíkè jẹ́, ó ti de kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tuntun, ẹlẹ́ẹ̀kẹta, sínú ọkọ̀.

Wọn ò tíì délé tí éèsì fi ń fẹ́ ooru bí ẹnu ààrò. Àtíkè ìyàwó ń ṣàn wọ ọrùn. Ọlọ́fínlúà ya sọ́dọ̀ Sùnmọ́nù, oní-éèsì tó bá a de é, ó sì ti ń bú u kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní olè ni, ayédèrú ló tà fún òun, kó yọ ọ́ dànù, kó de òmíràn.

Sùnmọ́nù mí kanlẹ̀. Ó ti sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ bó. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àkọ́kọ́ kàn ń jò ni, ó ṣeé tún ṣe. Ọlọ́fínlúà kọ̀, ó ń wa ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀ títí irin inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ náà fi lọ̀ kúnná, tí ẹ̀rún rẹ̀ kún inú páìpù. Sùnmọ́nù bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn fọ páìpù náà kí àwọn tó de tuntun. Ọlọ́fínlúà ní kò sáyè, tuntun ni tuntun ń jẹ́. Ẹ̀rún irin náà ló pa èkejì, òun ló sì tún pa ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yín ti sú mi," ni Sùnmọ́nù wí. "Òkú lẹ̀ ń gbé jáde, ẹ ò wo ohun tó ń pa á. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tuntun kò mọ ohun tó pa ti àná. Ó kàn ń wọlé wá kú ni."

"Ìwọ ṣáà de òmíràn."

Ìbídùn ti yí gíláàsì wálẹ̀, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó nu ojú, ó ní, "Ọkọ mi, kí ló lé àwọn méjì tó ṣáájú mi lọ?"

Ọlọ́fínlúà ní wọn ò gbọ́ràn ni. Ìyàwó bi í pé ọ̀rọ̀ wo ni wọn ò gbọ́. Ó ní òun ò rántí mọ́.

"Ṣé ẹ pe ẹnikẹ́ni kó bá yín dá sí i?"

"Kí ni n ó pe èèyàn fún? Ṣé obìnrin wọ́n ni?"

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ìbídùn kò bá a jà. Ó gbé àpótí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó dá ọkọ̀ Ọ̀wọ̀ dúró, ó sì wọ̀ ọ́ padà lọ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹni tó lé ìyàwó lánàá bá tún ń wá òmíràn lónìí, tí kò sì tíì wo inú ara rẹ̀, àwọn àgbà á ní kó jókòó ná: kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tuntun kò mọ ohun tó pa ti àná.