Bí Ìgbín Ṣe Di Aṣojú Ilẹ̀ Mẹ́ta

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi ń yí gbirigbiri, ó dì mọ́ Ìgbín lẹ́yìn, ó kan Ọ̀bọ orí òkè, ó kan Akàn etí odò, ó kan Ẹtu inú ọ̀dàn.

Ìyá Ọyábùnmi oníyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Bí mo ṣe rà á ni mo ṣe ń tà á. N kò lé owó lé e.

Ẹ̀ẹ̀rùn mú. Odò gbẹ. Ibú kan ṣoṣo ló kù, Erin ọba ló ni ín. Erin ní, "Ariwo yín pọ̀ jù. Ẹ yan aṣojú kan. Bí n kò bá gbọ́ ohùn kan ṣoṣo lọ́jọ́ ọjà, ẹ kò ní mu omi mi."

Òkè, etí odò, ọ̀dàn: ilẹ̀ mẹ́ta, ẹnu kan! Ìjà dé. Kálukú ní ẹni tí kò kọ́lé sọ́dọ̀ òun kò lè ṣojú òun.

Ìgbín gbọ́. Nígbà náà, ilé rẹ̀ dúró sójú kan bí ilé gbogbo ayé. Ó gbé e pọ̀n, ó gun òkè.

"Ọ̀bọ, ọmọ yín ni mí. Ẹ wo ilé mi."

"Ilé rè é lóòótọ́! Gba agbọ̀n ìbẹ́pẹ kan, kí ohùn rẹ lè já gaara. Bá wa bẹ Erin."

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó gbélé, ó sọ̀ kalẹ̀ sétí odò. Akàn wo ilé, ó fún un ní agbọ̀n kan. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó gbélé, ó wọ ọ̀dàn. Ẹtu náà fún un. Ó jẹ ẹ́, ó sùn fọnfọn.

Ọjọ́ ọjà pé. Àwọn mẹ́ta pàdé lójú ọ̀nà.

"Ìgbín wa dà?" Ọ̀bọ ló bèèrè.

"Ìgbín ta ni?" ni Akàn wí. "Tiwa ni!"

Ẹtu wolẹ̀. "Ẹ̀yin ará, kí ló ń dán yìí?"

Ipa Ìgbín ni. Wọ́n tọ̀ ọ́: òkè, odò, ọ̀dàn. Wọ́n bá a níbi tó ti ń hanrun.

Akàn kanlẹ̀kùn. "Jáde, ọkọ ìbẹ́pẹ! San agbọ̀n mẹ́ta!"

"Ó ti wà nínú mi," ni Ìgbín wí láti inú ilé.

Ọ̀bọ bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló tún ti gbé ní ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí? Ẹ jẹ́ kó lọ bá wa bẹ Erin. Ẹnu ló fi jẹ ẹ́, ẹnu ni yóò fi san án. Ṣùgbọ́n Ìgbín, ilé yẹn kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ mọ́, kí o má baà ní o ti lọ sílé. Kí o sì máa fa irú ilà dídán yìí sílẹ̀ níbikíbi tó o bá gbà, kí á lè rí ọ mú."

Ìdí nìyẹn tí ìgbín fi ń gbélé kiri, tí ipa rẹ̀ sì ń dán nílẹ̀ títí dòní.

Ó dé iwájú Erin. "Kábíyèsí, òùngbẹ ń gbẹ òkè, ó ń gbẹ odò, ó ń gbẹ ọ̀dàn. Mo ti gbé ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo mọ̀ ọ́n."

Erin yẹ̀ kúrò létí ibú. Ọ̀bọ mu. Akàn mu. Ẹtu mu.

Agbọ̀n mẹ́ta. Ìgbín san án pé.