Ìdí Tí Ẹ̀gà Fi Ń So Ilé Rọ̀ Sórí Ọ̀pẹ Kan Náà

Nígbà láéláé, ẹyẹ kan ṣoṣo ló ń ni igi kan. Ẹyẹ tí kò bá nígi, ilẹ̀ ni yóò sùn. Àwọn ẹ̀gà kò nígi. Inú koríko ni wọ́n ń yé ẹyin sí, níbi tí ejò ti ń rìn fàlàlà.

Àwẹ̀ró, ẹ̀gà kékeré kan, ti yé ẹyin lẹ́ẹ̀mejì, ejò sì ti kó o jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ẹ̀kẹta kù sí dẹ̀dẹ̀, ó fò lọ bá Àwòdì, baálẹ̀ àwọn ẹyẹ, tó ń dá gbé orí ọ̀pẹ gíga kan.

"Ẹ kú ìjókòó, Baba," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níbi tí mo lè yé ẹyin sí."

Àwòdì kì í ṣe ìkà, ahun díẹ̀ ló jẹ́. Ó wo ọ̀pẹ rẹ̀ lókè-nílẹ̀. "Ṣóńṣó imọ̀ ọ̀pẹ yìí nìkan ni n kì í tẹ̀," ló wí. "Mo fi ta ìwọ àtàwọn èèyàn rẹ lọ́rẹ títí ayé." Ó rẹ́rìn-ín sínú. Ta ló fẹ́ gbé ilé ka ṣóńṣó imọ̀?

Bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ilé tí kò ṣeé gbé kalẹ̀, Àwẹ̀ró so ó rọ̀. Ó ya ewé ọ̀pẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó hun ún róbótó, ó sì kọjú ilẹ̀kùn sí ìsàlẹ̀.

Ejò gòkè wá. Bó ṣe dé ṣóńṣó, imọ̀ tẹ̀, ejò já bọ́ sílẹ̀ gbì. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí ẹyin fi ń mì lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá ẹ̀gà yòókù dé. "Ẹ̀gbọ́n wa, ṣé àyè ṣì kù?"

Ká sòótọ́, ó wu Àwẹ̀ró kó ní kò sí. Àmọ́ ó rántí ẹyin rẹ̀ tó ṣòfò nígbà méjèèjì. "Ẹ wá ká dá àáró," ló wí. "Ká jọ hun ti ẹnì kan lónìí, ti ẹnì kejì lọ́la." Kí oṣù tó parí, ogójì ilé ti ń fì lórí ọ̀pẹ.

Nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀kùn kọjú sí, aládùúgbò ò rí aládùúgbò. Ariwo ni wọ́n fi ń kíra wọn láàárọ̀. "Ṣé ẹ jí ire?" "A jí o. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Oorun dá lójú Àwòdì. "Àwẹ̀ró, ìwọ nìkan ni mo rò o."

"Baba, ẹ ní èmi àtàwọn èèyàn mi."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Àwòdì kó lọ sórí ìrókò kan nínú igbó. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ẹyin Àwẹ̀ró pa, ọmọ mẹ́ta.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà ti ń so ilé rọ̀ sórí ọ̀pẹ kan náà, tí ariwo wọn ń jí gbogbo àdúgbò. Àwọn kan ní ariwo lásán ni wọ́n ń pa. Irọ́ ni. Ara wọn ni wọ́n ń kà. Bí ilé kan bá dákẹ́, gbogbo wọn ni yóò fò lọ wo ohun tó ṣe é.