Ẹni Tó Ni Asín

Òórùn asín gba ilé kan, ni Baba Ládìméjì, onílé, bá pe gbogbo ayálégbé jọ, ó nawọ́ sí Àyọ̀ká opó, ó ní: “Yàrá tìẹ ni asín yìí ti ń jáde. Ẹni tó bá ni asín gbọ́dọ̀ kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé yìí lónìí!” Àyọ̀ká ò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Baba, bí ènìyàn méjì bá ń du adìẹ, ṣebí wọ́n á tú u sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ni, ilé tó bá wọ̀ ló ni ín. Ẹ jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀ fún asín.” Baba rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà. Àyọ̀ká tó ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láràárọ̀ ti mọ ojú ọ̀nà asín. Ó dá agolo kan dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, asín wọnú rẹ̀, Àyọ̀ká sì fi ìdérí dé e pa. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó ṣí agolo náà lójú gbogbo ilé. Asín fi ara ti ògiri, ó sá fìrì kọjá ẹnu ọ̀nà Àyọ̀ká tó wà ní ṣíṣí sílẹ̀, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn Baba wọlé, ó forí lé ìdí àwọn àpò àgbàdo àtijọ́ tí Baba kó jọ síbẹ̀. Gbogbo ayálégbé fọwọ́ di imú, wọ́n yíjú sí onílé. Àyọ̀ká tún kúnlẹ̀: “Baba, ṣé kí n bá yín di ẹrù?”