Ìdí Tí A Fi Ń Fa Ìlà Kan Ṣoṣo sí Ara Dígí

Nígbà láéláé, nígbà tí ohun gbogbo ṣì ń fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sí ohun tó ní sùúrù tó Dígí. Kò gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Etí rẹ̀ ń dán bí etí igbá tí wọ́n ti họ dáadáa. Àwọn ọmọdé a máa gbé e sẹ́sẹ̀ ṣeré, ìyá wọn kò sì ní kígbe lé wọn lórí.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pín in, kò ní mú irin, kò ní mú òkúta. Yóò kàn fi ìka tọ́ ọ, yóò ní, "Dígí, jọ̀wọ́, pín síbí fún mi." Dígí yóò ní, "Ó dáa." Yóò sì pín gẹ́rẹ́, bí ẹni la obì.

Ní ìlú kan tó wà lẹ́bàá odò, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi awẹ́ dígí pẹlẹbẹ bo ara ògiri ilé. Ògiri amọ̀ ni gbogbo ilé ìgbà náà, òjò a sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí Àwẹ̀ró bá ti fi dígí bò, òjò kò rí i gbé ṣe.

Ilé onílé ló ń tún ṣe ṣáá. Ti ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí òjò ọdún kan fi wó ògiri iyàrá rẹ̀. Ìyá náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fátóún, kò lè rìn mọ́. Orí ẹní ló wà tí amọ̀ fi ya bò ó dé àyà. Ọwọ́ ni Àwẹ̀ró fi hú u jáde. Láti ìgbà náà, bí àrá bá ti sán, gbogbo ara ìyá náà a máa gbọ̀n.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Àwẹ̀ró mọ ògiri náà lákọ̀tun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dígí bò ó. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ló ń fìka tọ́ ọ, tó ń bẹ̀ ẹ́, tí Dígí sì ń pín. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, igun tẹ́ẹ́rẹ́ kan péré ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Awẹ́ dígí mẹ́ta ló sì kù nílẹ̀.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi amọ̀ tútù ra igun náà ni ojú ọ̀run yí padà. Ó gbójú sókè. Òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀ lókè odò, bẹ́ẹ̀ àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Àwẹ̀ró mọ̀ pé ibi igun yẹn ni omi yóò gbà wọ abẹ́ dígí yòókù. Tó bá sì wọ̀ ọ́, ògiri náà yóò rọ̀ bí ẹ̀kọ, ìyá rẹ̀ yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ìyá rẹ̀ pè é láti inú iyàrá, "ṣé àrá ni mo gbọ́ yẹn?"

"Ẹ má fòyà, ìyá mi. Ó ku díẹ̀."

Ó fìka gún awẹ́ kan. "Pín síbí! Yára!"

"Jẹ́ kí n mí ná," ni Dígí wí. "O kò tilẹ̀ kí mi láàárọ̀ yìí."

Ọ̀rọ̀ náà bí Àwẹ̀ró nínú. Ayùn, tó fara ti ìdí igi ọsàn, bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi tí mò ń gé ìrókò!" ni Ayùn wí. "Kí ni ti pẹlẹbẹ yìí tí wọ́n fi ń ṣìkẹ́ ẹ bí ìyàwó tuntun? Gbé mi, kí o rí i."

Omi sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. "Àwẹ̀ró, má ṣe é. Bó o bá tilẹ̀ máa ṣe é, jẹ́ kí n máa tù ú lára."

"Kò sáyè ìyẹn," ni Àwẹ̀ró wí. Ó gbé Ayùn.

Ayùn lọ, Ayùn bọ̀. Ariwo rẹ̀ gba àgbàlá kan.

"Àwẹ̀ró, kí ni mo ṣe?" ni Dígí béèrè.

Àwẹ̀ró gbọ́ ọ. Àrá sán, ó sì tún tẹ Ayùn mọ́ ọn.

"Ó ń jó mi o!"

Pàràgàdà! Awẹ́ náà fọ́ yángá-yángá. Àwẹ̀ró kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Ó fa èkejì yọ, ó ki Ayùn bọ̀ ọ́. Igbe tí Dígí ké lọ́tẹ̀ yìí kò tíì tán nígbà tó fọ́, àfọ́kù kan sì wọ inú àtẹ́lẹwọ́ Àwẹ̀ró ṣinṣin.

Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Láti kékeré ló ti ń bá Dígí ṣiṣẹ́, kò rí irú èyí rí.

Ayùn wo ara rẹ̀. Ìdajì eyín rẹ̀ ti dànù. "Èyí kì í ṣe iṣẹ́ mi," ni ó wí, ó sì bọ́ sínú koríko.

"Àwẹ̀ró, ta ló ń ké níta?" ni ìyá rẹ̀ tún béèrè.

"Dígí ni, ìyá mi."

"Kí lo ṣe fún un?"

"Mo gbé Ayùn lé e lára." Ìyá rẹ̀ wí pé, "Ẹni tó ṣẹ̀ ló ń bẹ̀. Bí ògiri bá máa wó, kó wó. Bẹ̀ ẹ́ ná."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú awẹ́ tó ṣẹ́kù. "Dígí, mo jẹ̀bi. Má bínú sí mi."

Àwẹ̀ró tún bẹ̀ ẹ́, ó fi igbe sí i.

"Mo rí ẹnu rẹ tó ń mì," ni Dígí wí níkẹyìn. "N kò gbọ́ nǹkan kan. Ariwo Ayùn ti di mí létí."

Àwẹ̀ró ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò, ó bu Omi, ó sì rọra dà á sí ara Dígí.

"Háà," ni Dígí wí. "Omi nìyí. Ó dáa, Àwẹ̀ró, ohùn rẹ kò lè dé ọ̀dọ̀ mi mọ́, ṣùgbọ́n ara mi ṣì ń gbọ́. Fa ìlà kan síbi tó o fẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bó o bá fà á lẹ́ẹ̀kejì, n ó rò pé Ayùn ló padà dé, ibi tó bá wù mí ni n ó sì gbà fọ́."

Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ kán sí Àwẹ̀ró lọ́rùn.

Ó ṣa òkúta líle kan tó ní ṣóńṣó. Ó tẹ́ igi tó gún régé lé Dígí lórí, ó gbé òkúta tì í, ó sì fà á láti òkè. Ìlà náà ń dún ṣììì. Nígbà tó kù bí ìbú ìka méjì kó dé ìsàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mú kí òkúta náà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà náà tín-ín-rín níbẹ̀, bí ẹni pé kò sí rárá.

Ọwọ́ rẹ̀ ń yún un láti padà sí i. Òjò ń kán lé amọ̀ tútù, amọ̀ sì ti ń yọ́. Ó ju òkúta náà nù kó má baà dán an wò.

Ó ti igi ìgbálẹ̀ kan sábẹ́ Dígí, lábẹ́ ìlà náà gan-an. Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó di ojú rẹ̀.

Kẹ́!

Nígbà tó la ojú, Dígí ti pín láti òkè délẹ̀, ó tọ́ bí okùn tí wọ́n nà. Àwẹ̀ró gbé e, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun náà, ó sì fi ara tì í bí òjò ti ń lù ú lẹ́yìn. Kò kúrò níbẹ̀ títí òjò fi dá.

Ògiri náà dúró. Nínú iyàrá, ẹ̀kán omi kan kò bọ́ lé ìyá rẹ̀ lára.

Ní ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró kí Dígí kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Dígí kò dáhùn. Ó kí i títí di ọ̀sán. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún gbọ́ ohùn rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni dígí ti di adití. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń fi táìlì dígí tún ilé ṣe fi ń fa ìlà kan sí i lára, ẹ̀ẹ̀kan péré, tí wọ́n sì ń fi omi tù ú bí wọ́n bá gbé irin lé e. Ẹni tó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, yángá-yángá ni yóò bá a. Láti ọjọ́ náà náà sì ni etí dígí ti mú bí abẹ, tó ń gé ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.